Thomas Adéoyè Lambo: Oníṣègùn Tí Kò Gba Aláìsàn Lọ́wọ́ Ẹbí Rẹ̀

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ẹ̀yin olùkàwé mi, mo sì máa ń bá wọn fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 2022, ní ojúlé tí mo ń gbé ní òpópónà Bajulaiye, ní Ṣómólú, ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn ará àdúgbò kún ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọdé gun orí ògiri, wọ́n ń wo ìran. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ni ìran tí wọ́n ń wò.

Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ ibẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí, kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n ń ká ìwé, wọ́n ń tò ó, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fún àwọn tó ni ẹ̀rọ. Lọ́dún náà, ìdìbò ń bọ̀ ní oṣù kejì ọdún 2023, pósítà àwọn òṣèlú àti kàlẹ́ńdà ọdún tuntun sì dé pa pọ̀. Àǹtí kò sùn mọ́. A kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ló fà á. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ojú tó wà lára pósítà ń sọ̀rọ̀ àwọn láìdáa, pé wọ́n ti gbìmọ̀ pọ̀ láti lé àwọn kúrò láyé. Ní òru ọjọ́ kan wọ́n kó odidi ìdì pósítà dà sínú gọ́tà, iṣẹ́ oníṣẹ́, wọ́n sì bọ́ síta láìwọ bàtà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí í ṣe olórí ẹbí wa, ti wá ibì kan tí a ó gbé wọn lọ. Níbẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi ń de aláìsàn mọ́lẹ̀, ẹbí kankan kò sì gbọdọ̀ yọjú fún oṣù mẹ́ta. Onílé wa ti fún wa ní ìwé pé kí a kó jáde. Èmi tí mo wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ sàíkọ́lọ́jì ní Akọka, tí gbogbo ilé rò pé ó yẹ kí n mọ nǹkan kan, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ọjọ́ kejì ni Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, dé láti Abẹ́òkúta. Wọ́n ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Wọn kò tíì jókòó tí wọ́n fi sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kò sẹ́ni tí yóò gbé ọmọ àwọn lọ sí ibi tí àwọn kò ti lè sùn tì í. Wọ́n ní a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Àrò, pé Dókítà Lambo kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni a ń wo ara wa. Èmi mọ orúkọ náà o, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ló ní nínú ìwé àkọsílẹ̀ kíláàsì mi, àárín orúkọ òyìnbó méjì ni ó há sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn ọkùnrin yìí kiri ilé ìkàwé. Ohun tí mo rí ni mo gbé wá fún yín.

Kí n tó lọ jìnnà, bí mo bá ń pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ní "ó", ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe àfojúdi. Bí mo bá ní kí n máa pè é ní "wọ́n", ẹ kò ní mọ ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni a bí Thomas Adéoyè Lambo sí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School ní ìlú náà, kí ó tó ré òkun lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti gboyè ní 1948. Ó padà wálé, ó ṣe dókítà ìjọba fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún padà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa àrùn ọpọlọ. Mo máa ń rò ó pé kí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa sọ. Ẹni tó ń la ikùn, tó ń gbẹ̀bí, ni gbogbo ayé ń pè ní dókítà nígbà náà. Ta ni yóò rán ọmọ lọ sí òkè òkun kí ó lọ kọ́ bí a ti ń tọ́jú wèrè?

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí nǹkan ti rí nílé kí ó tó dé. Ní 1907 ni ìjọba àmúnisìn ṣí ilé asínwín sí Yábàá, ibi tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Bajulaiye. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ìfipamọ́ ni ju ilé ìwòsàn lọ. Wọ́n ń kó ẹni tó ń da ìlú rú kúrò ní ìgboro, ó parí. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn ọmọ ogun kan ń darí bọ̀ pẹ̀lú ọkàn tó ti dàrú, ilé ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lantoro, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n sọ di ibùdó wọn ní 1944. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀wọ̀n ni ohun tó kọ́kọ́ wá sí ìjọba lọ́kàn.

Èyí tó tún burú ni èrò àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó nígbà náà. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí Dókítà J. C. Carothers kọ, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Kẹ́ńyà. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé ó fi ọkàn adúláwọ̀ wé ti òyìnbó tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gé iṣan ìwájú ọpọlọ rẹ̀. Ẹ tún un kà. Ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an ni Lambo, adúláwọ̀, gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn Àrò. Ogún ọdún lẹ́yìn ìwé náà, ní 1973, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà. Bí ẹnìkan bá ní Olódùmarè kò mọ àwàdà, ẹ fi ìyẹn hàn án.

1954 ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ohun tí Ìyá Àgbà ń wí wà. Ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Àrò kò tíì parí nígbà tí Lambo dé. Dókítà mìíràn ì bá jókòó de àwọn kọ́lékọ́lé. Òun wo ẹ̀yìn ọgbà ilé ìwòsàn, ó rí àwọn abúlé àgbẹ̀, ó sì tọ àwọn baálẹ̀ lọ. Àdéhùn tó bá wọn ṣe ni pé kí àwọn ará abúlé gba aláìsàn sí yàrá wọn, kí wọ́n máa gba owó ilé. Ṣùgbọ́n aláìsàn kan kò gbọdọ̀ dá wá. Ó gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan lọ́wọ́, ó kéré tán: ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ìyàwó ni o. Ẹbí yìí ni yóò máa dáná, tí yóò máa fọṣọ, tí yóò máa mú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tí yóò sì mú un padà ní ọ̀sán. Ilé ìwòsàn ń ran àwọn abúlé náà lọ́wọ́ pẹ̀lú omi, pẹ̀lú ilé ìyàgbẹ́ àti pípa ẹ̀fọn, tó fi jẹ́ pé ara àwọn onílé náà le sí i nítorí wèrè tí wọ́n gbà sílé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ewé àti adúrà nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Oògùn tuntun tí ń jẹ́ Largactil, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún àrùn ọpọlọ nílẹ̀ Faransé ní 1952, wà lára ohun tí ìran àwọn dókítà yẹn ní lọ́wọ́, wọ́n sì ń lo iná mànàmáná pẹ̀lú bí wọ́n ti ń lò ó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé, bí ó bá di ọ̀sán, aláìsàn kì í padà sáàárín ògiri mẹ́rin. Ó ń padà sí agbo ilé, níbi tí ewúrẹ́ ti ń ké, tí wọ́n ti ń gúnyán, tí ọmọdé sì ń kí i pé ẹ kú àbọ̀.

Ìyá Àgbà wà níbẹ̀. Èmi kò mọ̀ rí láyé mi. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ni ara rẹ̀ kò yá, ìyá wọn ló tẹ̀ lé e lọ, àwọn náà sì tẹ̀ lé ìyá wọn nítorí pé wọ́n kéré jù láti dá fi sílé. Bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n pe ara wọn. Wọ́n ní yàrá tí wọ́n gbà kò ní ju ẹní méjì lọ. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn kò sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, pé ìyàwó onílé ló máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀sùn ni: ó ní ọbẹ̀ ìyá àwọn kò níyọ̀. Ìyá wọn sunkún, wọ́n sì da iyọ̀ púpọ̀ sí ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́. Nígbà tí Ìyá Àgbà ń ròyìn èyí ní Bajulaiye, Àǹtí, tí wọ́n ti kọjú sí ògiri láti òwúrọ̀, yíjú padà.

Lambo tún ṣe ohun kan tó mú kí àwọn kan máa bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ó gba àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́, ó sì ń san owó fún wọn. Kì í ṣe pé kí wọ́n máa po àgúnmu mọ́ oògùn òyìnbó o. Wọ́n ń ṣe àkóso àpéjọ àti eré àwọn aláìsàn, wọ́n sì ń ṣàlàyé fún àwọn dókítà ohun tí àrùn náà jẹ́ lójú ẹni tó ń ṣe é. Èrò Lambo ni pé ẹni tó gbà pé ayé ló ń bá òun jà kò lè gbádùn bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò bá mọ ohun tí à ń pè ní ayé. Èmi fara mọ́ ọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn tó ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ lónìí náà ń fi orúkọ ìbílẹ̀ tàbí orúkọ Ọlọ́run bo ara wọn, ó sì yẹ kí a ya ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀.

Àwọn kan rò pé oníṣègùn lásán ni. Olùwádìí ni, kò sì fi ìwádìí ṣeré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, ó pe àwọn oníṣègùn àrùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun jọ sí Abẹ́òkúta, àpérò irú rẹ̀ àkọ́kọ́ fún gbogbo ilẹ̀ wa. Lọ́dún kan náà ni òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà wọn, wọ inú àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká àti apá kan ìlú náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni iye ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dààmú láàárín àwọn tí kò tilẹ̀ dé ilé ìwòsàn rí. Wọ́n fi èsì rẹ̀ wé ti àgbègbè kan ní Kánádà tí Leighton ti wádìí tẹ́lẹ̀. Ìwé náà, *Psychiatric Disorder among the Yoruba*, jáde ní 1963.

Mo kà á ní ilé ìkàwé wa. Ohun mẹ́ta ni mo mú níbẹ̀. Àwọn Yorùbá náà ń ṣe irú àìsàn ọkàn tí òyìnbó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ iṣan ọpọlọ tí a gé kò sí níbẹ̀. Ìbànújẹ́ ọkàn tó ń sọ ènìyàn di aláìsàn, èyí tí àwọn òyìnbó kan ti ní kì í ṣe adúláwọ̀, wọ́n bá a níbẹ̀ rẹpẹtẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣègùn wa kò ní orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè é. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: abúlé tí ìṣọ̀kan rẹ̀ ti tú, tí ẹnìkan kò mọ ẹnìkejì mọ́, ni àìsàn yìí ti wọ́pọ̀. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo ronú nípa ojúlé wa ní Bajulaiye, yàrá méjìlá, balùwẹ̀ kan, tí n kò mọ orúkọ ìdajì àwọn tó ń gbébẹ̀.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ Àrò ní gbèsè. Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó bá Lambo ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ni ó kọ ní 1960 nípa àìsàn tó ń mú àwọn ọmọ iléèwé wa: orí á máa gbóná, ojú á máa ṣú, ọ̀rọ̀ inú ìwé kò ní wọlé mọ́. Wọ́n ń pè é ní *brain fag*. Ní 1960 kan náà ni ìròyìn Lambo fún Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn jáde, lórí ìṣòro àti ìlera àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, àwọn tí ọkàn wọn ń dàrú ní ibi tí kò ti sí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ẹni tó ti wà nínú yàrá nígbà ìdánwò rí mọ ohun tí mo ń wí.

Ní 1963 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó di olórí ẹ̀ka ìṣègùn níbẹ̀ ní 1966, ó sì di gíwá ní 1968. Ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí, n kò gbọdọ̀ fo ohun tó kàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, nígbà tí Lambo jẹ́ gíwá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní gbọ̀ngàn Nnamdi Azikiwe. Àwọn ọlọ́pàá wọlé, wọ́n yìnbọn, wọ́n sì pa Kúnlé Adépéjú. Ọkùnrin tó mọ bí a ti í fi ọ̀rọ̀ tútù bá ọkàn tó ń ru gùdù sọ̀rọ̀ ni ó wà lórí àga lọ́jọ́ náà, ọmọ náà sì kú. Mo ti rò ó títí. N kò rí bí mo ṣe lè fi ìyókù ayé rẹ̀ bo èyí mọ́lẹ̀, n kò sì rí bí mo ṣe lè fi èyí pa ìyókù rẹ́.

Lọ́dún 1971 náà ló lọ sí Geneva, sí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1988. Iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀, ìpàdé àti ìwé fífọwọ́sí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, n kò ní fi dá yín lágara. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan wà tí àjọ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó débẹ̀, ní ìlú mẹ́sàn-án, Ìbàdàn sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n ní irú àìsàn tó mú Àǹtí mi, àwọn tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Nígbà tí ìwé ìròyìn wọn jáde ní 1979, ó fi hàn pé àwọn ti Ìbàdàn, ti Agra ní Íńdíà àti ti Cali ní Kòlóḿbíà gbádùn ju àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù àti Washington lọ lẹ́yìn ọdún méjì. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á títí di òní. Ìyá Àgbà kò bá wọn jiyàn.

Ní ìlú Èkó ni Lambo kú sí, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2004, ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí ó pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ètò abúlé Àrò kò rí mọ́ bí ó ti rí nígbà ayé rẹ̀. Ìlú ti fẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ti kú, ta ni yóò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kí ó máa gbọ́únjẹ fún aláìsàn? Oṣù kìíní ọdún 2023, lásìkò tí ọ̀rọ̀ wa ní Bajulaiye ṣì gbóná, ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin wèrè ti ayé àmúnisìn.

Ní tiwa, Ìyá Àgbà tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní yàrá Àǹtí. Wọ́n jọ ń lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, èmi ni mo ń gbé àpò. Dókítà kọ oògùn, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Àgbà ju fún ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ó rí i pé àwọn ni yóò kà á sí ọwọ́ Àǹtí láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bẹ onílé, ó fún wa ní oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta náà sì ti kọjá tipẹ́. Obìnrin kan tó wà lára àwọn tó wá wòran lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ó ń gbé àmàlà wá ní ọjọ́ tí Ìyá Àgbà bá rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ó dára. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Àǹtí kì í fẹ́ rí ìwé tó ní àwòrán ènìyàn, a máa ń fi aṣọ bo ògiri.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti padà sídìí iṣẹ́. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, Ṣómólú ni a gbé e lọ tẹ̀, mo sì ti bá ẹni tó ni ẹ̀rọ sọ ọ́ pé Àǹtí ni yóò ká a. Wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní ti olóòtú nìkan ni. Wọ́n ní kí n gbé e wá.